Adùn Ọnà Wà Lẹ́nu Gbígbẹ́ Rẹ̀

Ojúgbà mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, pé agbẹ́gilére Yorùbá kì í gbádùn iṣẹ́ fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní tirẹ̀, ọba tàbí aláwo ló ń gbé iṣẹ́ wá, agbẹ́gilére á gbẹ́ ẹ, á gba owó rẹ̀, ó tán. Mo ti ka àròkọ náà ní àkàtúnkà, inú mi kò sì dùn sí i, nítorí kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ti wo agbẹ́gilére níbi tó jókòó sí, tí èérún igi yí i ká. Ère tó ti parí nìkan ló rí, inú àwòrán ìwé ló sì ti rí i.

Kì í ṣe òun nìkan. Robert Farris Thompson pàápàá, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí gbogbo wa ń jẹ nínú làálàá rẹ̀, orí ère tó ti parí ni ó gbé ọ̀pọ̀ ìbéèrè rẹ̀ kà. Láti ìgbà náà la ti ń fi jíjọra, dídán àti gígún díwọ̀n ẹwà ère, tí a sì gbàgbé pé ẹnì kan fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ohunkóhun tó jọra.

Àlùfáà Kevin Carroll, tó bá àwọn agbẹ́gilére gbé ní Òyè-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, ti kọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ère gbígbẹ́ sílẹ̀ fún wa: ọnà lílé, tí a fi ń la ìrísí ère sára igi; àlétúnlé, tí a fi ń ya ẹ̀yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀; dídán, tí a fi ń mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀; àti fínfín, tí a fi ń fín ọnà sí i lára. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé Òyè-Èkìtì gan-an ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti pàdé iṣẹ́ Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì. Fákẹ́yẹ kì í ṣe àjèjì sí àáké. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i ní Ìlá Ọ̀ràngún, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó rí ọwọ́ Bándélé, ó gbà láti tún di ọmọ iṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Bí ère tó parí àti owó rẹ̀ bá ni gbogbo ọ̀rọ̀, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ojúgbà mi kò fẹ́ wò. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà ti 1987 tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀. Kò ní kúnlẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn yẹn, kò ní bọ ère yìí. Ìlò tí wọ́n fẹ́ lo iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ni àsìkò tí igi ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní owó ńkọ́? Owó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ní í mú ẹni tó ti mọṣẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Níbí, ó yẹ kí n dín ẹnu ọ̀rọ̀ mi kù. N kò sọ pé ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dùn bákan náà. Dídán a máa sú ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún. Ibi tí ọwọ́ ti ní àyè láti ṣe ju ohun tí wọ́n rán an lọ ni mò ń sọ, ẹ̀rí èyí sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó gbẹ́, èyí tó wà ní British Museum. Ní apá kan, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó. Ní apá kejì, wọ́n gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀. Ohun tí gbogbo òǹkọ̀wé ń tún kọ ni pé wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, àti pé àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló wo ẹ̀yìn àwọn ère náà? Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn débi pé orí wọn kúrò lára pákó, wọ́n yọ síwájú bí ẹni fẹ́ jáde. Kò sì fi pákó tó kù sílẹ̀ lásán, ó fín in kún. Ẹni tó kàn fẹ́ jíṣẹ́ ọba ì bá jẹ́ kó tẹ́jú.

Ọpọ́n onídérí rẹ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n dání. Àwọn ère kéékèèké kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n bá a rù ú. Àwọn obìnrin mẹ́rin ń jó lórí ìdérí. Nísàlẹ̀, láàárín àwọn tó kúnlẹ̀, orí ènìyàn kan wà tí kò so mọ́ ohunkóhun. Ó ń yí, kò sì ṣe é mú jáde. Igi kan náà ni òun àti àwọn tó sé e mọ́. Èyí fi hàn pé Ọlọ́wẹ̀ ti ní láti dá igi orí yìí sí láàárín láti ìgbà ọnà lílé. Ó ní láti máa ti ọ̀bẹ gba àlàfo tóóró tó wà láàárín ara àwọn ère, kó fi gbẹ́ ojú, kó gbẹ́ imú, kó gbẹ́ ẹnu, kó sì gé e kúrò lára ìyókù. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, apá ère kan ti lọ, kò sì sí igi mìíràn tí yóò fi dí i.

Ọpọ́n náà kò gba nǹkan kún ohun tí ọpọ́n ń gbà nítorí orí yìí. Ẹni tó bá dúró lókè rẹ̀ kò ní rí i, àfi tó bá bẹ̀rẹ̀. Ojúgbà mi ní àṣẹ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ń darí ọwọ́ agbẹ́gilére láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó wá sọ fún wa, nínú àròkọ rẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí orí yẹn ń ṣe níbẹ̀.