Ìjàpá Inú Àlọ́ Kì í Dàgbà: Lítíréṣọ̀ Ẹnu àti Ẹ̀kọ́ nípa Ohun Ẹlẹ́mìí

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti jókòó nídìí àlọ́ rí tí kò lè sọ ohun tí ó mú kí ẹ̀yìn ìjàpá rí págunpàgun. Bí ọmọ kan bá ní láti òkè ọ̀run ni ó ti já, òmíràn lè ní orí igi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò fi ẹnu kò pé ní ọjọ́ kan báyìí ni ẹ̀yìn náà fọ́, tí a sì tò ó pọ̀, tí ojú àpá rẹ̀ kò sì parẹ́ títí di òní. Àlọ́ náà dára. Ó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ́ ọ pé ọ̀kánjúwà kò pé. Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí kì í hàn títí di ìgbà tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá gbé e wọ inú ẹ̀kọ́ tí a fi ń fi yé ọmọdé bí igi àti ẹranko ṣe ń dàgbà, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀mí ara wọn ró.

Bí olùkọ́ kan náà bá gbé ìjàpá gidi ka orí tábìlì, àwọn ọmọ yóò rí i pé ojú ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ kò jọ àpá rárá. Ìpẹ́ ni wọ́n, a tò wọ́n létòlétò, ọ̀tún bá òsì mu. Lára ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ó yí àárín rẹ̀ ká, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ara ẹranko náà ti ń tóbi ni ìpẹ́ ń fẹ̀ láti etí, àwọn ìlà wọ̀nyí ni ó sì ń jẹ́rìí sí i. Egungun ni ó wà lábẹ́ ìpẹ́, ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti egungun ìhà. Nítorí náà ìjàpá kò lè bọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń bọ́ ẹ̀wù. Ohun tí àlọ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ìjàpá fi ṣe é.

Níbí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Kì í ṣe pé àlọ́ purọ́. Kò sí ọmọ tí ń gba àlọ́ gbọ́ bí adájọ́ ṣe ń gba ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àlọ́ kò lè dúró láìsí ìṣẹ̀lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdàgbà kò ní ìṣẹ̀lẹ̀ nínú. Kò sí ọjọ́ tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé òní ni ìrókò ga. Nítorí èyí, ẹranko inú àlọ́ kì í dàgbà. Ìjàpá ní aya, ó ní àna, ó ní oko, ó sì ń jẹ gbèsè. Síbẹ̀ ta ni ó gbọ́ nípa ìgbà tí ó wà nínú ẹyin? Nínú ọ̀kan lára àwọn àlọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, Yánníbo yàgàn, Ìjàpá sì jẹ àsèjẹ tí a sè fún un, ikùn rẹ̀ sì yọ gbèǹdù bí ti aboyún. Ẹ̀rín ńlá ni èyí ń mú wá, kò sì sí ẹni tí ń rántí pé ìjàpá kì í lóyún bí ènìyàn; ẹyin ni í yé, ilẹ̀ ni í sì gbẹ́ sin ín sí. Ènìyàn tí ó wọ awọ ẹranko ni àwọn ará inú àlọ́, ìwà ènìyàn ni wọ́n sì wà fún.

Èdè àlọ́ pàápàá fi èyí hàn. Ó lọ, ó gùn ún, ó já, ó fọ́: ohun tí ó ti ṣe tí ó sì ti parí ni gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ ìṣe ohun tí ó ní ẹ̀mí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. “A máa” àti “kì í” ni wọ́n ń lò, èyí ni pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, tí kò mọ ọjọ́ kan. Òwe àti oríkì ni ilé irú èdè bẹ́ẹ̀. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn àgbà a máa fi òwe yìí tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Àmọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti dúró pẹ́ nínú oko. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí a bá ti gé odi rẹ̀, igi náà a kú, ọmọ tí ó ti ń hù láti ìdí rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ a sì gba ipò rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi àdá gé èyí tí ó ti so náà lábùú, àwọn ọmọ yóò rí i pé kì í ṣe igi gidi. Ìdí ewé tí ó wé mọ́ ara wọn ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan wà nínú òwe kan.

Bákan náà ni ti àfòmọ́ tí kò ní gbòǹgbò tí ó sì ń bá gbogbo igi tan. Ọmọ tí ó mọ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí èébú fún ẹni tí ń fi ipá bá ènìyàn tan lè má tí ì wo àfòmọ́ rí. Bí a bá mú un lọ sí ìdí igi obì tàbí kòkó, yóò rí ewé tí kì í ṣe ti igi náà, tí ó rì sínú ẹ̀ka, tí ó sì ń mu nínú omi rẹ̀. Báwo ni ó ṣe dé òkè láìsí ẹni tí ó gbìn ín? Ẹyẹ ni ó jẹ èso rẹ̀. Kóró èso náà lẹ̀ bí àtè. Ẹyẹ a nu ẹnu sí ara ẹ̀ka tàbí kí ó yàgbẹ́ síbẹ̀, kóró a sì lẹ̀ mọ́ ọn, a hù.

Orúkọ lásán a máa ṣe iṣẹ́ yìí nígbà mìíràn. Patanmọ́ ń pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ti àbámodá yàtọ̀. Bí a bá fi ewé rẹ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀ níbi tí ó tutù, ọmọ kéékèèké a yọ ní etí rẹ̀, tòun ti gbòǹgbò. Ohun àrà ni èyí lójú ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀: àbá tí ènìyàn dá ni ọlọ́fọ̀ gbọ́ nínú rẹ̀, kí àbá náà lè ṣẹ. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi Bahia ní ilẹ̀ Brazil ṣe ilé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tí ó jáde ní ọdún 1995, bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ewé ṣe ń di iṣẹ́ tí a rán ewé náà nínú ọfọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ tí ojú fi fún ohun kan àti èyí tí etí ń túmọ̀.

Ní ti ìjálá, iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1966 ti tó láti fi han ẹnikẹ́ni pé àwọn ọdẹ ń kí ẹranko àti igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣe àti ìrísí wọn. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ dúró lórí mímọ ẹsẹ̀ ẹfọ̀n yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín kò lè fi ẹranko ṣeré. Síbẹ̀, èdè náà jinlẹ̀ ju ohun tí ọmọ kékeré lè gbé lọ. Olùkọ́ tí ó mú kí wọ́n há ìjálá sórí láìfi ẹranko kan hàn wọ́n kò sàn ju èyí tí ó ní kí wọ́n há a sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun ẹlẹ́mìí ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń dàgbà.

Òwe pàápàá a máa ṣìnà. Alángbá tí ó já láti orí ìrókò tí ó ń mi orí, tí ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun, kò yin ara rẹ̀ rárá. Akọ a máa mi orí láti fi kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ibẹ̀ ti ní olówó. Àdán tí a ní kò ṣe eku, kò sì ṣe ẹyẹ, ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú bí ewúrẹ́. Ojú tí ó rí i pé alángbá ń mi orí kò ṣìnà. Ìtumọ̀ ni ó ṣìnà. Nítorí náà ìbéèrè ni kí òwe jẹ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ìdáhùn.

Bóyá Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ẹ̀kọ́ báyìí ti yẹ kí ó ti parí. Irúgbìn a hù, a ta gbòǹgbò, a rúwé, a pẹ̀ka, a tanná, a so, èso rẹ̀ a gbó, a pọ́n, ewé rẹ̀ a sì wọ́. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo, a tún ní ó pọnmọ. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì àti ìyókù láti ọdún kìíní dé ìkẹfà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Wọ́n ta wọ́n yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ó ti wù kí ó rí, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni a kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé a ti wọ́gi lé. Ìdààmú èyí kì í ṣe kékeré. Bí Yorùbá bá wá kù sí wákàtí ẹ̀kọ́ Yorùbá nìkan, tí wákàtí náà sì kún fún Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ yóò gbà pé àlọ́ ni Yorùbá wà fún, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń mọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́.

Ètò sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960 ní ìwé kékeré kan tí àkọlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kí a bi kúlúsọ léèrè. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé kò sí ọmọ tí kò tí ì tẹ̀ ba lábẹ́ òrùlé láti pe kúlúsọ jáde nínú ihò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ó ń fi rìn, wọ́n sì mọ̀ pé èèrà tí ó bá yọ̀ sínú ihò náà kò ní padà wálé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ọmọ ni kúlúsọ, kì í ṣe àgbà. Bí a bá fi í sínú ìgò tí ó ní yanrìn gbígbẹ, tí a ń fún un ní èèrà, tí a sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò náà, ó lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Yóò fi yanrìn àti òwú ara rẹ̀ ṣe ilé roboto, yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tí yóò jáde ní ìyẹ́ mẹ́rin. Lámilámi ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ pè é, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi ṣàkíyèsí pé lámilámi a máa na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá bà, ṣùgbọ́n eléyìí ká tirẹ̀ bo ara bí òrùlé, ìwo orí rẹ̀ sì wú ní ṣóńṣó bí orí kùmọ̀.