Ilé Wo Ni À Ń Kà? Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìṣirò Owó Tó Ń Wọlé fún Ìdílé ní Ìgbèríko Ìjẹ̀bú

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà ṣe ìṣirò owó tó ń wọlé fún ìdílé wò, kí a sì fi Òrù àti agbègbè rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Iye àárín ni a ó máa tọ́ka sí. Bí a bá to owó gbogbo ilé láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, iye àárín ni èyí tó bọ́ sí agbedeméjì. Ó sàn ju ìpíndọ́gba lọ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé olówó kan ṣoṣo kò lè gbé e sókè. Èrò wa ni pé iye yìí kò nítumọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ilé. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

2. Àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀

Iṣẹ́ tí kò ṣeé fojú fò ni Nigerian Cocoa Farmers, ìwé tí Galletti, Baldwin àti Dina kọ, tó jáde ní 1956. Ọdún 1951 sí 1952 ni wọ́n ṣe ìwádìí inú rẹ̀. Ìyìn tọ́ sí wọn, nítorí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti ìnáwó ìdílé àgbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n àkọlé ìwé náà ti fi ààlà rẹ̀ hàn: ìdílé olóko kòkó ni. Alágbẹ̀dẹ Òrù àti apẹja tó wà ní ibi tí à ń pè ní Ogun Waterside lónìí kò sí lára àwọn tí ó ń ṣojú fún. Ẹni tó bá fi iye inú ìwé náà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn owó gbogbo ìgbèríko ti fi apá kan pe odidi.

Ìwádìí ìgbé-ayé tí National Bureau of Statistics ṣe ní 2018 sí 2019 kò ní àléébù yẹn, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Agbègbè ìkànìyàn 60 ni wọ́n yàn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú ilé 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí a bá pín ilé 600 náà dọ́gba, 30 péré ni yóò kan Ìjẹ̀bú North, níbi tí Òrù wà. Ìdá 9.32 nínú 100 tí wọ́n pè ní tálákà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò lè sọ bí Òrù ṣe rí. Yàtọ̀ sí èyí, ìnáwó ni wọ́n fi wọn òṣì, kì í ṣe owó tó wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìkànìyàn máa ń gbé iye àárín jáde lọ́dọọdún fún káńtì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń da ìwádìí pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ owó orí. A kò lè wo àwòkọ́ṣe yìí láìṣe àtúnṣe, nítorí pé púpọ̀ nínú owó àgbẹ̀ àti ọlọ́jà wa kì í dé inú ìwé owó orí.

3. Ìkòkò kan, àpò púpọ̀

Àwọn olùwádìí sábà máa ń pe àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n sì ń jẹun nínú ìkòkò kan, ní ilé kan. Àṣà wa kò fi ìkòkò so àpò pọ̀. Ọkọ a fún ìyàwó ní owó òwò, ṣùgbọ́n èrè tó bá ti inú rẹ̀ jáde, ti ìyàwó ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò mọ iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ fúnra wa. Ní ilé kìíní, ọkọ ń rí 60, ìyàwó àgbà ń rí 40, ìyàwó kékeré ń rí 20. Ní ilé kejì, ọkọ ń rí 50, ìyàwó ń rí 30. Ní ilé kẹta, ọkùnrin kan ń dá gbé, ó ń rí 70. Bí a bá bi àwọn ọkùnrin nìkan, iye àárín jẹ́ 60. Bí a bá ka ìkòkò, 120, 80 àti 70 ni a ó tò, iye àárín yóò sì di 80. Bí a bá ka àpò kọ̀ọ̀kan, 45 ni. Owó kan náà ni, kò sí kọ́bọ̀ tó lé tàbí tó dín.

Nítorí náà, bí ìwádìí kan bá ka ọkùnrin, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì ka ìkòkò, ìwé lè sọ pé ìlú ti lọ́rọ̀ sí i nígbà tí ohunkóhun kò yí padà. Pípààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà ní 1973 àti dídá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 ṣeé ṣe àtúnṣe fún lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ owó àpò ìyàwó sílẹ̀ ní ọdún náà, kò sí ìṣirò tó lè dá a padà.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ìyàwó kékeré tó ń rí 20 nínú ilé 120 kò ní sí lára aláìní nígbà tí ìjọba bá ń pín ìrànwọ́ nípa kíka ìkòkò. Ilé tirẹ̀ ló lówó jù nínú àpẹẹrẹ wa, bẹ́ẹ̀ òun ló ní àpò tó fúyẹ́ jù.

4. Ìkádìí

A kò sọ pé kí a pa kíka ìkòkò tì, nítorí pé ó wúlò fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùwádìí bi oníkálukú léèrè lọ́tọ̀, kí ó sì gbé iye àárín ìkòkò àti ti àpò jáde pọ̀. Kí ó kọ orísun owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé láti ìgbà tí yunifásítì ti dé Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ìbéèrè lórí oko nìkan kò lè kó owó ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san já. Ní ti 1951 àti 2018, kí a má ṣe fa ìlà kan láti ọ̀kan dé èkejì. Ohun tí wọ́n kà kì í ṣe ọ̀kan náà.