Báírò Pupa àti Àròkọ Ọmọ Amuro

Iṣẹ́ àdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ni ti inú àwọn ìwé rẹ̀. Ní Amuro, ní ilẹ̀ Okun, èdè ilé ọmọ yàtọ̀ sí i.

Ẹ wo lẹ́tà kíkọ. Bí ọmọ bá fi “okun” kí ìyá rẹ̀ àgbà, ìkíni tí a ti mú orúkọ àwọn ará ibẹ̀, báírò pupa yóò fa igi lé e. Kí ni àṣìṣe ibẹ̀? Ọmọ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Àròkọ àkọ́sórí ni yóò máa kó wá fún wa (àwa tí à ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ̀ ọ́n dáadáa). Kí ó kọ ọ́ bí ó ti ń sọ ọ́ ná. Kí ó kà á sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ohun tí kò yé wọn. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ bá a tún un kọ ní àkọtọ́ 1974. Nínú máàkì, ẹ jẹ́ kí èrò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí àkọtọ́ náà ní tirẹ̀.