Ìpẹtà Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ogun tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló dípẹtà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó kùn ún mọ búrọ́ọ̀ṣì í lò, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ tá a bá bi í pé kí ló dá ọgbẹ́ yìí sí i lára, kò ní èsì.

Ẹ wo ìwọ̀n 1/35 tí ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Japan sọ di gbajúmọ̀. Tí ọ̀dà bá bó ní mílímítà 1 lára mọ́dẹ́ẹ̀lì, mílímítà 35 ló bó lára ọkọ̀ gidi. Ìyẹn ju ìdérí ìgò mínírà lọ! Ẹ wá fi ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ sára ọkọ̀ kan. Àkúfọ́ lẹ kùn yẹn, kì í ṣe ọkọ̀ tí sójà ń gùn lọ sójú ogun.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ò jìnnà. Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú, kẹ́ ẹ wo dánfó àti tírélà tó ń kọjá. Ìpẹtà kì í kàn yọ níbi tó bá wù ú. Ibi tí omi ti ń dúró ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kọ̀rọ̀ irin, ojú ibi tí wẹ́dà jó. Ibi tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń dì mú, ọ̀dà ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa dán kó tó bó. Eruku ọyẹ́ ń bà sókè, ẹrẹ̀ òjò ń lẹ̀ mọ́ abẹ́. Erùpẹ̀ wa sì pupa, torí irin tó wà nínú ẹ̀. Ẹrẹ̀ Yúróòpù aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń kọ́ wa nínú fídíò ò bá a mu rárá.

Ọgbọ́n kan wà tá a fẹ́ràn. Wọ́n á kọ́kọ́ kun ọkọ̀ ní àwọ̀ ìpẹtà, wọ́n á fọ́n hairspray lé e, wọ́n á wá fi ọ̀dà àwọ̀ ewé bò ó. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ha á, ti abẹ́ á sì yọjú. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: ọ̀dà ló ń ṣí kúrò lórí irin, ìpẹtà kọ́ ló ń já bọ́ látòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ìjọba àpapọ̀ lo Saladin àti Ferret tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó. Ní ti Biafra, tí wọ́n ti dí ọ̀nà ọjà mọ́, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó mọ́ra tí wọ́n fi ṣe Red Devil. Ó ṣì wà ní National War Museum ní Umuahia. Ẹni tó bá ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì Red Devil, tó wá fi ìpẹtà bo ojú ibi tí wẹ́dà jó, ti bo ìtàn mọ́lẹ̀. Ojú wẹ́dà yẹn ni ìtàn náà.

Èèyàn ló jókòó sínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, gbogbo wọn kọ́ ló sì jáde. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ẹ bi ara yín: ọwọ́ ta ló dì í mú níbí? Omi wo ló dúró síbí? Bí ò bá sí èsì, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.