"Jọ" inú géèmù Mario

Àwọn olólùfẹ́ Mario ń jiyàn lórí Super Mario Bros. Wonder, tó jáde ní 2023. Ènìyàn mẹ́rin lè jọ gbá a, àmọ́ wọn kì í kọlu ara wọn mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń gba ara wọn kọjá bí iwin. Nínú ti Wii, ní 2009, o lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ, kí o jù ú sí kòtò. Ìjà dé nìyẹn! Àwọn kan ní àlàáfíà tuntun yìí ló dáa. Èmi ò gbà. Ẹ̀yin ọmọ mi, "jọ" ju pé a wà lójú kan lọ. Lóòótọ́, bí ẹnìkejì bá kú nínú Wonder, tó sì tètè fọwọ́ kàn ọ́, á jí. Ìyẹn wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dí mi lọ́nà, ṣé ó ń bá mi ṣeré ni àbí ó kàn ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?