Àdá Kàkó àti Àdá Okonkwo: Àrokò àti Ìbáṣepọ̀ nínú Ìtàn Àròsọ Méjì

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1938. A ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú Things Fall Apart ti Chinua Achebe, tí ó jáde ní 1958. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí kò ṣòro. Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ̀wé lórí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ: akọni ni, alágbára ni, kì í fi iṣẹ́ ìlú ṣeré. Wọn a to àwọn ìjà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ó ti pa ìyàwó rẹ̀, wọn a kọ gbólóhùn kan, wọn a sì tẹ̀ síwájú. Àwa olùkọ́ náà a sì fún wọn ní máàkì. Lójú tiwa, gbólóhùn kan yẹn kò tó.

Àrokò ni a ó máa pe ohunkóhun tí ó bá dúró fún ohun mìíràn nínú ìtàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan fẹ́ràn "àmì" jù, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àrokò ní ohun kan tí àmì kò ní: ẹnì kan ni ó fi í ránṣẹ́, ẹnì kan ni ó sì gbọ́dọ̀ tú u. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ṣi àrokò tú lè kó ìlú rẹ̀ sínú ogun. Nínú ìwé méjèèjì yìí, àdá ni àrokò tí a fẹ́ tú. Àdá kì í ṣe ohun ìjà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òun ni àgbẹ̀ fi ń ṣán oko, òun ni ọdẹ fi ń la ọ̀nà. Ohun tí a fi ń wá oúnjẹ fún aya àti ọmọ ni. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ara wa bù máṣọ nígbà tí ó bá bọ́ sára aya tàbí ọmọ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Kàkó ni Àkàrà-ògùn dé láti pè é sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó. Kàkó kò jáfara. Ó palẹ̀ mọ́, ó ń lọ. Obìnrin náà sáré tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó sì dì mọ́ ọn. Inú bí Kàkó, ó fi àdá ṣá a, obìnrin náà sì ń pe orúkọ Kàkó títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Orúkọ tí ó ń pè yẹn ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ, pàápàá ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó lè pè é ní olówó orí òun. Bí ó bá sì ti bímọ, bàbá ọmọ rẹ̀ ni yóò máa pè é. Obìnrin yìí kò ní bímọ fún Kàkó mọ́. Orúkọ gan-an ni ó kù tí ó lè pè. Bí àwọn ọdẹ yòókù bá pe Kàkó, ìwúrí ni. Bí obìnrin yìí bá pè é, ẹjọ́ ni ó ń rò. Láti ibẹ̀ lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni ó ru oríkì tí ó sì ru ẹ̀sùn. A tún ṣàkíyèsí pé kùmọ̀ ni ohun ìjà tí ó fún Kàkó lórúkọ, kò sì fi kùmọ̀ pa á. Ohun tí ó sọ ọ́ di akọni kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní obìnrin náà dúró fún ohun tí ń fa ọmọ ènìyàn sẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ ìlú bá pè é. Àlàyé yìí kò ṣe é jù nù, nítorí Fágúnwà fẹ́ràn kí ẹ̀dá ìtàn dúró fún ìwà. Òun náà ni ó sọ obìnrin kan ní Ìrànlọ́wọ́, tí ó sì sọ ẹ̀dá ẹlẹ́gbin kan ní Ègbin. Ṣùgbọ́n kò sọ ìyàwó Kàkó ní Ìdíwọ́. Ó jẹ́ kí ó sunkún bí ènìyàn, ó jẹ́ kí ó di ọkọ rẹ̀ mú bí ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní ìdíwọ́ nìkan ni obìnrin náà, ojú Kàkó ni ó fi ń wò ó, kì í ṣe ojú Fágúnwà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí Umuofia, ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí ìtàn Achebe ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Mbaino ni Ikemefuna. Wọ́n fi í san gbèsè ẹ̀jẹ̀ obìnrin Umuofia kan tí àwọn ará Mbaino pa. Ọdún mẹ́ta ni ó fi gbé ní ilé Okonkwo, tí ó ń pè é ní bàbá, tí Nwoye, àkọ́bí Okonkwo, sì mú un ní ẹ̀gbọ́n. Ní àsìkò tí eéṣú bo ìlú, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn pé oúnjẹ dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n ń jẹ eéṣú pọ̀. Ibẹ̀ ni àgbà ìlú tí ń jẹ́ Ezeudu bá wọn. Ó pe Okonkwo sí ìta, ó sọ fún un pé wọ́n ti pinnu láti pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lọ́wọ́ sí i, nítorí ọmọ náà ń pè é ní bàbá. Okonkwo bá wọn lọ síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣá ọmọ náà, ìkòkò ẹmu orí rẹ̀ fọ́ sórí iyanrìn, ó sì sáré tọ Okonkwo lọ, ó ń ké pe bàbá rẹ̀. Okonkwo fa àdá yọ, ó ṣá a lulẹ̀. Achebe kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́: ẹ̀rù ń ba Okonkwo kí wọ́n má baà rò pé ojo ni òun.

Nínú ìwé méjèèjì, ẹni tí wọ́n pa kò mú ohun ìjà kankan dání. Apá ni ó nà. Ọ̀kan pe apànìyàn ní orúkọ rẹ̀, èkejì pè é ní bàbá. Akọni tí kì í sá fún ogun ni ó sì sá fún ìdìmọ́ra. A kò sọ pé Achebe wo Fágúnwà kọ. Ohun tí a ń sọ ni pé àrokò kan náà ni àwọn méjèèjì pa.

Ibi tí wọ́n ti yà ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ìtàn ìrìn-àjò ni ti Fágúnwà. Ọdẹ gbọ́dọ̀ dé Òkè Láńgbòdó. Ìtàn kò lè dúró ti òkú. Ìtàn ilé ni ti Achebe: apànìyàn gbọ́dọ̀ padà sùn sí ilé tí ọmọ náà ti ń pè é ní bàbá. Ọjọ́ méjì ni Okonkwo kò fi lè jẹun, tí ó ń mu ẹmu. Ohun kan já nínú Nwoye ní alẹ́ ọjọ́ tí ó rí bàbá rẹ̀ tí ó dá wọlé. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ sì dé, ọ̀dọ̀ wọn ni ó lọ. Okonkwo jókòó ti iná, ó ń ronú bí òun, tí wọ́n ń fi iná pè, ṣe lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé eérú tútù ni iná ń bí. Yorùbá ti sọ tirẹ̀: iná kú, ó fi eérú bojú; ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. (Ẹni tí ó bá ka ìwé náà dáadáa yóò rántí pé nítorí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ tí Ekwefi já ni Okonkwo fi nà án, tí ó sì tún yìnbọn sí i. Ó bínú nítorí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi àdá gé e.) Ní òpin ìwé, àdá ni ó tún fi ṣá olórí àwọn ìránṣẹ́ kọ́ọ̀tù. Umuofia kò dìde tẹ̀ lé e. Ó nu àdá rẹ̀ sára iyanrìn, ó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ní Fágúnwà kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bá ènìyàn délé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, bàbá Àkàrà-ògùn yìnbọn fún ẹranko kan, ẹranko náà ké bí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ títí dé inú ilé ọdẹ náà. Ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe àjẹ́ ni ó ta níbọn. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú. Ọmọ ilé yẹn ni ó ń sọ ìtàn Kàkó fún wa. Bí Àkàrà-ògùn bá sáré kọjá lórí òkú ìyàwó Kàkó, kì í ṣe pé kò rí i. Ó ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, a gbà pé Achebe ni ó ṣe iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì rí ẹni tí èdè rẹ̀ dùn tó ti Fágúnwà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ìbéèrè tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò lórí ìwà akin Kàkó ti fún un ní ìdáhùn kí ó tó mú bírò. A dábàá pé kí a ka ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí olùkọ́ Yorùbá bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bí ó bá ṣe é ṣe, nítorí àwọn ọmọ kan náà ni a jọ ń kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a bi wọ́n pé: ká ní Nwoye wà láàárín àwọn tí ó pé jọ láti gbọ́ ìtàn lẹ́nu Àkàrà-ògùn, ibo ni ìtàn ìbá dé kí ó tó dìde?