Kà Á Láti Òkè

Ìlà tó kẹ́yìn lójú láptọ́ọ̀pù mi ni: Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0). Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú. Kò sí àwòrán, kò sí ohun tó ń yí. Iná pínnísín ara Caps Lock nìkan ló ń ṣẹ́jú, ó ń tàn, ó ń kú, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́nà ọ̀fun.

Mo gbé e lé orí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Challenge, ní Ìlọrin, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń sinni ní gbèsè. Níta, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò Póòsì Ọ́fíìsì àti Táíwò Róòdù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń du iṣẹ́ àṣekágbá wọn lọ́wọ́ ọjọ́ ìparí, jẹnẹrétọ̀ sì ń dáhùn láti ẹ̀yìn ilé. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ yìí kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tú wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìdérí wọn sì fẹ̀yìn ti ògiri ní ìlà bí wàláà ọmọ ilé kéwú.

Àfáà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ní Ìlọrin, èèyàn lè jẹ́ Àfáà kó má kọ́ ọmọ kankan ní kéwú, ṣùgbọ́n eléyìí ń kọ́ wọn lóòótọ́, ní alaalẹ́, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Ó lè ní ogójì ọdún. Ó kí mi tán, ó wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Bàbá, kí lẹ ṣe gbẹ̀yìn kó tó kọ̀ láti jí?"

Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó jọ pé gbogbo ẹni tó wọlé ló ń wí bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo ti yà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi gbà mí: "Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, sà." Ìdáhùn yìí ti di àgbo gbogboǹṣe ní òpópónà wa. Ẹ̀rọ kò dún, fọ́máàtì. Kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́máàtì. Ọdún mẹ́fà ìkọ̀wé mi wà nínú dísìkì tí fọ́máàtì yóò nù mọ́, ẹni tí kò bá sì rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ kì í torí rẹ̀ wó ilé.

Kí Àfáà tó tẹ bọ́tìnnì kan, ó ṣàlàyé fún mi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń lo Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ mi, láìmọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Linux ló ń kọ́kọ́ lajú. Ètò kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, BIOS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, UEFI ni ti òde òní. Òun ló ń fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì, kíbọ́ọ̀dù àti dísìkì bóyá wọ́n wà láàyè, lẹ́yìn náà á wá ẹni tí yóò fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. GRUB lẹni náà. Iṣẹ́ GRUB kò ju kó gbé fáìlì méjì sínú mẹ́mọ́rì lọ: kẹ́nẹ̀lì, tí í ṣe ọkàn Linux gan-an, àti èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní initramfs.

Èkejì yìí ló gbà mí lọ́kàn. Kẹ́nẹ̀lì ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé. Ilé rẹ̀ ni dísìkì tí gbogbo fáìlì wà, irinṣẹ́ tí yóò sì fi ṣí dísìkì náà lè wà nínú dísìkì fúnra rẹ̀, bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n tì mọ́ inú ilé tó fẹ́ ṣí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa àtíbàbà kan fún un nínú mẹ́mọ́rì, tí wọ́n á kó ìwọ̀nba irinṣẹ́ tó nílò síbẹ̀. Initramfs ni àtíbàbà yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́nẹ̀lì máa dúró sí títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Bó bá ti wọlé, á fi àtíbàbà sílẹ̀, á pe systemd, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, pé kó jí àwọn yòókù. Ká tó bu omi mu, gbogbo rẹ̀ ti parí, àwa á kàn rí ibi tí a ó ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà wa. Ohun tí unknown-block(0,0) ń wí nígbà náà ni pé: mo dé, n kò rí ilé, ẹ ò sì pàtíbàbà dè mí.

Àfáà pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, ó ń tẹ Esc wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí àkọsílẹ̀ GRUB fi yọ. Ó wọ Advanced options. Kẹ́nẹ̀lì méjì ló wà níbẹ̀, tuntun lókè, ògbólógbòó nísàlẹ̀. Ó yan ògbólógbòó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àwòrán ọmọ-ọmọ mi tí mo fi ṣe ojú ẹ̀rọ yọ sí wa. Ẹnu mi ti ń là láti dúpẹ́.

"Ẹ má tíì dúpẹ́, Bàbá. Ó jí ni, kò tíì yá."

Ó ṣí fódà tó ń jẹ́ /boot, ó fi èékánná tọ́ka sí orúkọ fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Vmlinuz méjì, ìyẹn kẹ́nẹ̀lì méjì. Initrd.img, ìyẹn àtíbàbà, ẹyọ kan. Kẹ́nẹ̀lì tuntun kò ní àtíbàbà. Ta ló yẹ kó pa á, kí ló sì dá a dúró? Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mo ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, mo gba àwọn àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde lójú ẹ̀rọ, error wà nínú rẹ̀, n kò kà á. Mo kàn tẹ àṣẹ kan tí mo ti há sórí láti ibì kan, update-grub, nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí. Àfáà mi orí. Wáì-fáì láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ ti Broadcom, irú èyí tí díráfà rẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kí kẹ́nẹ̀lì lè lò ó, kì í bá kẹ́nẹ̀lì wá. Kóòdù ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ètò kan tó ń jẹ́ DKMS á sì máa kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ lórí ẹ̀rọ oníkálukú, nígbàkúùgbà tí kẹ́nẹ̀lì tuntun bá dé. Lọ́jọ́ náà, kíkọ́ yìí forí ṣánpọ́n. Ẹni tó yẹ kó pàtíbàbà sì wà lẹ́yìn DKMS lórí ìlà, kò kàn án mọ́ kí iṣẹ́ tó dúró. Èmi wá lọ sọ fún GRUB pé kó tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ. Ó rí kẹ́nẹ̀lì tuntun, ó fi ṣe ẹni àkọ́kọ́, kò bi ẹnikẹ́ni ní ibi tí àtíbàbà wà.

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àfáà, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Òun ni wọ́n ní kó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí DKMS fi pamọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, make.log. Ó sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ọ̀gá, ó ní Error 2."

"Error 2 kì í ṣe ọ̀rọ̀, igbe ni. Kà á láti òkè."

Mo ti gbọ́ irú gbólóhùn yẹn rí, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó bá ń fò lórí wàláà, tó fẹ́ yára dé ìdí súrà, báyìí ni wọ́n ṣe ń dá a padà. Ọmọbìnrin náà gòkè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì onírin yẹn jáde bó ti rí. Ìlà púpọ̀ kọjá tí kò sí wàhálà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló kan èyí tí ó ní error: implicit declaration of function. Gbogbo ìyókù, títí dé Error 2, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìlà kan yẹn ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé díráfà ń pe orúkọ kan nínú agboolé kẹ́nẹ̀lì, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà níbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ 9 sí 10 ni wọ́n fi ń gbé kẹ́nẹ̀lì tuntun jáde, àwọn tó ń ṣe é kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ inú ilé kò ní yí padà. Ẹni tó bá kó ẹrù síta agboolé ni yóò máa wá bèèrè.

Àwọn ará Debian, ọ̀kan lára àwọn tó ń to Linux jọ fún aráyé, ti bèèrè, wọ́n sì ti fi èsì síta fún gbogbo ayé. Fáìlì kékeré kan ni: ìlà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni kí a yọ, ìlà tó ní àmì ìròpọ̀ ni kí a fi sí i. Àfáà fi í lé kóòdù náà lórí, ó ní kí DKMS tún un kọ́. Fáànù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tó dákẹ́, ó tẹ dpkg --configure -a, èyí tó ń parí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá pa tì lágbedeméjì, àwọn ará ibí sì mọ àṣẹ yìí bí orúkọ ara wọn nítorí iná tó máa ń lọ nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Ìlà tí mo ń retí yọ: update-initramfs: Generating /boot/initrd.img. Wọ́n ń pàtíbàbà.

Owó tí ó gbà kò tó owó epo tí mo sun láàárín ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta.

Kọ̀ǹpútà Windows tí ó bá kú lójú mi lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú aláwọ̀ búlúù tó fajú ro ló máa ń fi hàn mí, á ní nǹkan ti bàjẹ́, á sì dákẹ́. Ó ń bá mi kẹ́dùn, kò sọ ohun tó pa á ní kíkún. Linux kò mọ̀ ọ́n pọ́n lẹ́nu rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀kọ àná, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, gbé síta ní 1991 ni, pẹ̀lú gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1993, Ian Murdock dá Debian sílẹ̀, ó pa orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Debra pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, wá gbé Ubuntu jáde lórí ìpìlẹ̀ Debian ní 2004, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá tọrọ, títí di 2011. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú àpò pépà rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù mi kò tilẹ̀ ní ibi tí a ti ń ki CD bọ̀ mọ́.

Mo padà lọ bá Àfáà lóṣù tó tẹ̀ lé e, lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Linux mọ èdè wa, yo_NG ló ń pè é, ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìka mi ti mọ ètò mìíràn, ẹ, ọ, ṣ àti àwọn àmì ohùn ní ibi tí mo fẹ́ wọn. Mo ti fọwọ́ ara mi tún fáìlì ètò náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, àtúnṣe tuntun á sì dé, á gbá a dànù. Àfáà ní kí a sọ ọ́ di pákéèjì. Pákéèjì mọ fáìlì tó jẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ariwo ta, bí mo bá sì ní kó lọ, kò ní fi ìdọ̀tí sílẹ̀.

Fódà kan tó ń jẹ́ debian ló fi gbogbo rẹ̀ sí: control, tó ń sọ orúkọ pákéèjì àti àwọn tó gbára lé, changelog, tó ń sọ ìtàn rẹ̀, àti rules, tó ń sọ bí a ó ṣe kọ́ ọ. Kò ju ogún ìlà lọ. Ó ní kí n tẹ rules fúnra mi, kí n lè mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́. A kọ́ ọ, ó kọ̀: debian/rules:4: *** missing separator. Stop. Mo wo ìlà kẹrin títí ojú fi ń ro mí. Lẹ́tà kankan kò ṣìnà. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ló fi ìka kan òfìfo tó wà níwájú ìlà náà, ó ní, "Bàbá, spesi lẹ tẹ̀. Tab ló ń fẹ́."

Ohun méjèèjì rí bákan náà lójú. Inú bí mi díẹ̀, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi náà ti fi ìgbà kan kọ lẹ́tà sí ìyàwó mi pé mo ti ra ọkọ tuntun, tí n kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà. Mo pa spesi náà rẹ́, mo tẹ Tab. Ó kọ́.

Bí a ṣe ń bá èyí yí lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, tòkunbọ̀ lọ́wọ́. Ó ní Ubuntu òun kò gba àtúnṣe kankan mọ́, ó ń sọ pé ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì not valid yet, pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Àfáà kò gba ẹ̀rọ náà. Ó wo ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kà: ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ ni. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tó ń bá a pa ọjọ́ mọ́ ti kú, CR2032, irú èyí tó ń bá tòkunbọ̀ wọ̀lú. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ lónìí ti di ti ọjọ́ iwájú lójú ẹ̀rọ náà, kò sì gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n tún ọjọ́ ṣe, ó tán.

Ẹnìkejì tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rọrùn. Ojú ẹ̀rọ tirẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun kún un bámúbámú, Caps Lock ń ṣẹ́jú. Wọ́n ti ń pe ìrun Alásàrí ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ọjà. Àfáà dìde, ó mú kẹ́tù omi, ó wo ọmọbìnrin náà, kò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin náà fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ, ó gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.